Káńsù wa fẹ́ gbé sólà sórí ilé: ṣé ìyẹn ni yóò dín owó iná kù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìṣàkóso ni mí ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkìtì níbí. Owó iná àti owó dísẹ́ẹ̀lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó ìnáwó oṣooṣù wa mì. Ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣáàjì fóònù ní ọ́fíìsì mọ́, wọ́n sì ti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí LED, síbẹ̀ bíìlì kò yí padà. Ní báyìí wọ́n fẹ́ gbé sólà ńlá sórí òrùlé kí a lè bọ́ lọ́wọ́ NEPA àti jẹnẹrétọ̀ 100 KVA tí a ń lò. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé àbá náà. Ṣé sólà ni kí n kọ, àbí nǹkan mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú? Mítà wa ti bàjẹ́ tipẹ́, ilé náà sì máa ń gbóná púpọ̀ ní ọ̀sán.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ̀wé. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ ti fi nǹkan du ara yín, owó kò sì dín, ìdí nìyẹn tó fi jọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹ kọ NEPA sílẹ̀. Mi ò lòdì sí sólà o. Mo ti bá wọn gbé e sórí ilé ìjọba rí, mo mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní, mo sì mọ èyí tí yàrá bátìrì rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ṣùgbọ́n sólà kò ju ibi tí iná ti ń wá lọ. Iye iná tí ilé yín ń jẹ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, bí ẹ kò bá sì yanjú rẹ̀, ẹ óò ra sólà tó tóbi ju ohun tí ẹ nílò lọ, kí ó lè máa bọ́ òfò kan náà tí NEPA àti dísẹ́ẹ̀lì ń bọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ mítà ná, nítorí òun ló jẹ́ kí ó dà bíi pé LED yín kò ṣiṣẹ́. Bí mítà bá ti bàjẹ́, bíìlì àfojúbù ni wọ́n ń gbé wá fún yín. Wọn kò ka ohunkóhun. Wọ́n wo irú ilé tí ẹ jẹ́ àti báńdì tí wọ́n fi yín sí (ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n fi wákàtí iná ojúmọ́ pín àwọn oníbàárà sí), wọ́n sì kọ iye kan. Ẹ lè pa gbogbo iná ilé náà fún oṣù kan gbáko, kí bíìlì má yẹ̀ lórí ibi tó wà. Iná tí ẹ dín kù dín lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń pín iná ló ń jẹ èrè rẹ̀, kì í ṣe káńsù. Nítorí náà, mítà àsansílẹ̀ ni kí ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, kí páànẹ̀lì kankan tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún wo báńdì tó wà lára bíìlì náà dáadáa. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì kan (iná wáàtì 1,000 fún wákàtí kan) fún àwọn oníBáńdì A, ìyẹn àwọn tí iná wọn gbọ́dọ̀ tó wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì tún gun ₦209.50 ní oṣù keje. Bí wọ́n bá kọ A fún yín, tí iná tí ẹ ń rí kò sì tó ìdajì wákàtí 20 náà, ẹjọ́ wà lọ́wọ́ yín. Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2023, tí ìpínlẹ̀ fi lè ṣe òfin iná tirẹ̀, Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ìṣàkóso náà lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, ní 2024. Ẹ̀sùn yín kò ní láti rin ìrìn Àbújá mọ́, Adó ni ẹ óò gbé e lọ.

Tí mítà bá ti wà, ìdánwò kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, kí ẹnì kan kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé tún kọ ọ́ kí wọ́n tó tan ohunkóhun. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ilé yín jẹ nígbà tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀ àyàfi ọdẹ. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. AC yàrá kan tí wọ́n kò pa nítorí pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba Ìkéré lọ. Ẹ̀rọ omi mímu tó ń tutù ní ẹnu kan tó ń gbóná ní ẹnu kejì láti Jímọ́ di Mọ́ńdè. Fíríìjì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju omi ọ̀rá méjì lọ. Olórí wọn ni iná hálójìn 500 wáàtì tó wà lójú ọgbà, èyí tí ọdẹ tàn ní alẹ́ tí kò sí ẹni tó ka pípa rẹ̀ sí iṣẹ́ tirẹ̀. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè jẹ́ wákàtí 64. Bí NEPA bá ṣe dáadáa tí iná kò lọ, ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú iná yẹn ti jẹ yúnìtì 32. LED 50 wáàtì yóò tan ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirẹ̀, bí ẹ bá sì fi súwíìṣì tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ sí i, kò ní nílò ìrántí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni LED ti ń pa owó. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ pààrọ̀ náà dára, ẹ má ṣe kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iná gígùn àtijọ́ kan pẹ̀lú ṣóòkù rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 45, LED tó rọ́pò rẹ̀ ń jẹ 18. Ẹ ti rí i pé ohun tó kù láàárín wọn kéré.

Ní ti fóònù, ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Bátìrì fóònù tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn báyìí, 5,000 mAh, kò gbà ju wáàtì 19 fún wákàtí kan lọ kí ó tó kún. Ká sọ pé díẹ̀ ṣòfò nínú ṣájà, ká pè é ní 25. Bí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ bá ṣáàjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ yúnìtì méjì ààbọ̀. AC 1.5 HP kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,200 nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń mú òtútù wá, bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sinmi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yúnìtì 9.6 ló jẹ ní ọjọ́ yẹn. AC kan ṣoṣo, nínú yàrá ẹnì kan ṣoṣo, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fóònù irinwó. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, yúnìtì 211 nìyẹn. Bí a bá fi ₦209.50 ti 2024 yẹn ṣírò rẹ̀, ó lé ní ₦44,000. Òfin tí ọ̀gá yín fi de fóònù ti bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú lásán, kò sì dé ibi tí owó ń gbà jáde.

Ẹ lè sọ pé AC kì í ṣiṣẹ́ láì sinmi, pé ó máa ń dákẹ́ bí yàrá bá ti tutù. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọ́fíìsì èyíkéyìí ní ọ̀sán, ẹ wo ojú rìmóòtù: 16 ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ẹni tó ti ìta oòrùn wọlé gbà pé bí òun bá gbé e sí 16, yàrá yóò tètè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. AC àtijọ́ tí kì í ṣe ti ínfátà (irú èyí tó lè dín eré rẹ̀ kù), ìwọ̀n kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ mọ̀, yálà kó ṣiṣẹ́ tàbí kó dákẹ́. Bó ṣe ń sáré ní 16 náà ló ń sáré ní 25. Ohun tí 16 ń sọ fún un ni pé kó má dákẹ́ títí yàrá yóò fi tutù dé 16, yàrá onílúfà kò sì ní dé ibẹ̀ láéláé. Nítorí náà ó ń sáré títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lọ sílé, ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an á sì ti wọ súwẹ́tà. Dígírì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi gbé e sókè ń dín iná tó ń jẹ kù ní nǹkan bíi 3 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Íńdíà, láti oṣù kìíní 2020, òfin ni pé 24 ni AC yàrá tuntun gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wá ní ilé náà gbóná púpọ̀ ní ọ̀sán. Gbólóhùn yẹn lẹ fi parí ìwé yín, èmi ì bá fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá pè mí sí irú ilé bẹ́ẹ̀, AC kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, òkè ni mo máa ń gbójú sí. Páànù tó wà lórí ilé wa, pàápàá èyí tó ti pọ́n tàbí tó ti dúdú, máa ń gba oòrùn mọ́ra láti àárọ̀. Nígbà tó bá fi di aago méjì ọ̀sán ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín páànù àti àjà lè ju 50 dígírì lọ. Àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín ìyẹn àti orí òṣìṣẹ́. Mo rántí yàrá kan ní sẹkitéríàtì kan tí n kò ní dárúkọ. Wíńdò lúfà rẹ̀ dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, gíláàsì bíi mẹ́ta ti fọ́, páálí bébà ni wọ́n fi dí ọ̀kan nínú wọn. Ihò tí wọ́n lu sára ògiri kí páìpù AC lè kọjá tóbi débi pé ẹ lè ti ibẹ̀ rí mọ́tò tó wà ní ìta. Àjà ti já ní igun kan níbi tí òjò ti ń wọlé, ooru òkè náà sì ń rọ̀ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bíríkì ni wọ́n fi tì í, nítorí pé àlejò kò yéé wọlé. AC méjì ló ń pariwo nínú yàrá náà, oníṣẹ́ AC ti ń rọ gáàsì sí wọn léraléra, wọ́n sì ti kọ̀wé béèrè ẹ̀kẹta. Kò sí ohun tó ṣe AC méjèèjì. Adó-Èkìtì lódindi ni wọ́n ń gbìyànjú láti mú tutù.

Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà ló máa ń ṣáájú iṣẹ́ tiwa oníná. Kí wọ́n dí àjà tó já, kí wọ́n tẹ́ fóòmù tó ní bébà fàdákà lójú sókè àjà, kí wọ́n sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí abẹ́ òrùlé ní ìhà méjèèjì kí ooru inú rẹ̀ lè máa rí ibi jáde. Bí àkókò àtikun páànù bá dé, ọ̀dà funfun ni kí wọ́n fi kùn ún. Lúfà tó wà ní yàrá tí ó ní AC, kí wọ́n yọ ọ́ fún wíńdò tó ń tì pa. Èyí tó wà ní yàrá tí kò ní AC, kí wọ́n fi í sílẹ̀ o, nítorí lúfà ni ọ̀rẹ́ fáànù. Ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn ń kọjá lórí wa gan-an ni, nítorí náà ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù. Òfuurufú lásán ló wà níwájú ògiri ìwọ̀-oòrùn ọ̀pọ̀ ilé ìjọba, torí pé wọ́n gé igi tó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Ẹ gbin òmíràn. Yóò pẹ́ kó tó gba iṣẹ́, nítorí náà ẹ fi páànù tàbí tapólì ṣe ìbòòji sókè wíńdò ní báyìí ná.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Àwọn bàbá wa tó fi amọ̀ kọ́lé mọ nǹkan tí àwọn tó ń yàwòrán ilé ìjọba lónìí ti gbàgbé. Ògiri wọn nípọn, ojú wíńdò wọn kéré, ilẹ̀ á ti ṣú kí ooru ọ̀sán tó la ògiri náà kọjá dé inú yàrá. Ilé ìgbà òyìnbó náà tún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká, àjà rẹ̀ sì ga. Nísinsìnyí, ilé onígíláàsì láti ilẹ̀ dé òrùlé ni wọ́n ń pè ní ilé ìgbàlódé, wọ́n á sì wá to AC sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí àgò adìyẹ. Ìwé ìlànà kan wà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2017 nípa bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Ó ní kí wíńdò má ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún ara ògiri lọ bí kò bá sí ìbòòji. Bí káńsù yín bá ní ilé tuntun lọ́kàn, ẹ fi ìwé yẹn lé ayàwòrán lọ́wọ́ kó tó gbé pẹ́ńsùlù.

Fáànù la tún kórìíra láìnídìí. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 70 ni, ó sì máa ń jẹ́ kí ara mọ̀ ọ́n bíi pé yàrá fi dígírì méjì tàbí mẹ́ta tutù jù bó ṣe wà lọ. Bí ẹ bá gbé AC sí 26, tí fáànù sì ń yí lókè, ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò ní bèèrè 16. Aṣọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Japan, ní 2005, ìjọba wọn sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọba pé kí wọ́n bọ́ kóòtù àti táì sílẹ̀ ní ìgbà ooru, kí wọ́n sì fi AC sí 28. Àwa tí ooru tiwa kì í lọ, kóòtù onípele mẹ́ta ni a ń wọ̀ lọ ìpàdé ní oṣù kẹta, a ó wá fi owó ìjọba ra òtútù fún kóòtù náà. Àdìrẹ ń bẹ, bùbá ń bẹ. Ìwé ìkìlọ̀ kan láti ọ́fíìsì yín, tí ọ̀gá fọwọ́ sí, lè yanjú èyí láì ná owó, àmọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tí yóò tẹ̀ lé e.

Jẹnẹrétọ̀ yín ńkọ́? 100 KVA lè gbé nǹkan bíi kílówáàtì 80. Bó bá ru ẹrù yẹn kún, yóò mu nǹkan bíi lítà 22 sí 24 ní wákàtí kan. Bó bá ru ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ óò rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin dísẹ́ẹ̀lì ni yóò mu, ṣùgbọ́n nǹkan bíi lítà 9 tàbí 10 ni yóò ṣì mu, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ yí ara rẹ̀ ná. Lítà kan tí ì bá fún yín ní yúnìtì mẹ́ta àti ààbọ̀ wá ń fún yín ní méjì. Bó bá sì jẹ́ pé nítorí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n fi ń tẹ ìwé owó oṣù ni ẹ ṣe tàn án, kò tilẹ̀ ní tó ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ ńlá bá sì ń pẹ́ lórí ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, dísẹ́ẹ̀lì kì í jó tán nínú rẹ̀. Èédú á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rá dúdú á máa kán lẹ́nu sàléńsà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń tàn án fún sílẹ̀ fún oṣù kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé iṣẹ́ tí kò ṣeé dá dúró nígbà tí NEPA bá mú iná lọ kò ju kọ̀ǹpútà díẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti fáànù lọ. Ínfátà kékeré (kì í ṣe ti AC o, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé ni) àti bátìrì rẹ̀ tó fún ìyẹn.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú wáyà. Ẹni tó ń tan AC kì í san owó rẹ̀. Akápò tó ń san owó rẹ̀ kì í wọ yàrá náà. Ẹni tó bá sì dín iná kù, owó tó kù kì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba, a ní kì í ṣe ti bàbá ẹnìkan. Owó iṣẹ́ àkànṣe wà láti ra AC tuntun ogún, àmọ́ kò sí owó fún ọṣẹ tí wọn yóò fi fọ fílítà èyí tó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ eruku ọyẹ́ kan péré tó láti dí fílítà náà pa. Mo ti rí ọ̀nà kan tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀: kí wọ́n fi mítà kékeré sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa lẹ iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jẹ mọ́ pátákó ìkéde lóṣooṣù, kí ẹ sì bá akápò ṣe àdéhùn pé ìpín kan nínú owó tí ẹ̀ka bá dín kù yóò padà sọ́dọ̀ wọn fún bébà àti íǹkì, àwọn nǹkan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi owó àpò ara wọn rà báyìí. Mo ní díẹ̀, nítorí ó nílò akápò tó gbà àti ọ̀gá tí kò ní fa ìwé náà ya lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ayẹ̀wé-owó-wò lè béèrè abẹ́ òfin wo ni ẹ ti pín owó náà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku sólà. Ohun kan wà tí ó fi yẹ ọ́fíìsì ju ilé gbígbé lọ: ọ̀sán ni ẹ ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán náà ni oòrùn ń ràn. Nítorí náà ẹ kò nílò bátìrì púpọ̀ bí ẹni tó ń fi sólà sùn, bátìrì ló sì ń gbówó jù, òun náà ló ń kọ́kọ́ kú. Ní Èkìtì, oòrùn tó péye fún páànẹ̀lì máa ń tó wákàtí 4 sí 5 lójúmọ́ bí a bá pín ọdún dọ́gba. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án tí ojú ọ̀run ń ṣú, yóò dín, kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kìíní ṣírò fún yín. Ká ní AC 20 ló wà ní ilé yín, tí gbogbo wọn jẹ́ 1.5 HP, kílówáàtì 24 ni wọ́n ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tún àjà ṣe, tí mẹ́wàá nínú yàrá náà wá lè fi fáànù gbé e, tí mẹ́wàá tó kù sì jẹ́ AC onínfátà tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 600 lẹ́yìn tí yàrá bá ti tutù, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fáànù ogún kò ní pé kílówáàtì 8. Sólà tó máa gbé 8 àti èyí tó máa gbé 24 kì í ṣe ẹgbẹ́ lówó. Bátìrì olómi àsìdì máa ń lo ọdún 3 sí 5 nínú ooru wa, ti lithium lè dé ọdún 10 bí wọ́n bá lò ó dáadáa. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i ti lọ kí bátìrì náà tó kú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ sólà ìjọba ti ń parí ìrìn àjò rẹ̀.

Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún yín pé ìdá báyìí ni owó yín yóò fi dín. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ láì tíì gbé mítà àfiwọn sára wáyà yín, ọjà ló ń tà. Ẹ tún mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú ohun tí mo sọ nípa àjà àti rìmóòtù tó máa mú iná wá nígbà tí kò bá sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà ní ipò yín, mítà ni mo máa kọ ṣáájú, lẹ́yìn náà àjà, wíńdò àti iná ọgbà, lẹ́yìn náà ínfátà kékeré fún àwọn kọ̀ǹpútà kí jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn lè sinmi, lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà tí mítà bá ti ń sọ òótọ́ fún yín ni mo máa tó béèrè owó sólà tó kù. Kí ìwé àdéhùn sólà náà dárúkọ ipò ẹni tí yóò máa fọ páànẹ̀lì nígbà ọyẹ́, kó ní owó bátìrì tí wọn yóò máa yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí ìwé ìdánilójú ẹ̀rọ náà sì wà ní orúkọ káńsù, kì í ṣe ní orúkọ kọńtírákítọ̀. Kọńtírákítọ̀ tó bá sì ti ń ka iye páànẹ̀lì tí ẹ óò rà kó tó béèrè iye yúnìtì tí ẹ ń jẹ, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ pe ẹlòmíràn.